Ìrora Àyà Kì Í Ṣe Ohun Tí A Ń Fi Omi Kánún Wò

  Ọ̀rọ̀ tí mo ṣèlérí fún yín ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ti àwọn ọmọ tí kì í fọwọ́ kan ìwé bí wọ́n bá ti dé ilé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a gbé ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà ọyẹ́, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa. Bí n kò bá sọ ọ́ ní gbangba, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ kan ni yóò máa jìyà rẹ̀ ní Ibido wa níhìn-ín.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, olùkọ́ bíi tèmi. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n a ti bá ara wa dé ibi tí "ìwọ" ti rọ̀ wá lẹ́nu ju "ẹ̀yin" lọ. Ẹni ọdún 44 ni. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, nígbà tí ọyẹ́ ń mú, tí gbogbo ènìyàn ń di aṣọ mọ́ra, ó rìn wá sí ilé mi. Kò tíì jókòó tán tí ó fi ọwọ́ lé àárín àyà. Ó ní ó dà bí ẹni pé ènìyàn gbé ọlọ lé òun láyà. Ó ní ìrora náà ń lọ sí apá òsì, ó sì ń gun àgbọ̀n lọ. Òógùn bò ó, nínú ọyẹ́! Ojú rẹ̀ rí bí ẹni tí a fi eérú kùn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi alákọ̀wé ṣe. Mo ní, "Mọ́ínmọ́ín òde àná ni. Inú ló kún." Mo po omi kánún, mo fún un mu. Ó bì. Inú mi dùn, mo ní ohun tí ó ń dà á láàmú ti jáde. Mo ní kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga gbọọrọ. Nígbà tí ó di agogo mẹ́wàá tí ìrora kò lọ, a ránṣẹ́ pe ẹnì kan tí ń ta oògùn ní òpópó wa. Ó ní afẹ́fẹ́ inú ni, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ apàrora ní ìdí. Agogo méje òwúrọ̀ ni ó dé ọ̀dọ̀ mi. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni a tó wá ọkọ̀. Orí itan mi ni ó kú sí nínú ọkọ̀ náà. Wákàtí mẹ́jọ gbáko ni a fi jókòó ti ikú, tí à ń pè é ní inú rírun.

Èyí nìkan kọ́ ni ohun tí ó ń dùn mí. Ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó bàbá rẹ̀, ìyá arúgbó kan tí ń ta obì ní iwájú ilé kejì sí tèmi, yọjú sí wa. Wọ́n wo ọ̀rẹ́ mi títí, wọ́n sì wí pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ṣe gbé e lọ sí ọsibítù? Èyí kì í ṣe inú rírun o." Èmi ni mo dá wọn lóhùn pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn ìsìnkú, gbólóhùn yìí gan-an ni àwọn ènìyàn gbé dìde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ ìyá náà wà níbẹ̀, báwo ni ó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe inú rírun? Àwọn àgbà wa ni wọ́n ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn ún pa, ṣùgbọ́n òwe kì í ṣe ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́. Bí mo ti ń kọ ìwé yìí, a kì í rán ọmọdé lọ ra obì lọ́wọ́ ìyá náà mọ́. Àwọn ìyàwó ilé a máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí wọ́n má baà kí wọn.

Ẹni tí ó là mí lójú ni ọ̀rẹ́ mi mìíràn tí a jọ ka ìwé ní kékeré, tí ó di dókítà. Ó wá bá mi kẹ́dùn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dorí kodò, ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, "Tíṣà, ohun tí o rò fún mi yìí, bí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wa gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìkọlù ọkàn ni." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi í léèrè, tí mo sì ń kàwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ pín fún yín.

KÍ NI Ó Ń ṢE ỌKÀN?

Ọkàn wa jẹ́ ẹran tí ó tó ìkúùkù ọwọ́ ẹni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 láàárín ọ̀sán àti òru kan, kò sì ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tí ń fún gbogbo ara ní oúnjẹ, òun náà ní láti jẹun. Nítorí náà ni Ẹlẹ́dàá ṣe fún un ní iṣan tirẹ̀, iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó rọ̀ mọ́ ọn lára, tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ẹran ọkàn fúnra rẹ̀.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá a máa dì mọ́ inú iṣan wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀, bí ìdọ̀tí ti í dì sínú páìpù omi. Ènìyàn lè má mọ ohunkóhun. Ní ọjọ́ kan, ojú ibi tí ọ̀rá dì sí yóò bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yóò rò pé ọgbẹ́ ni, yóò sì dì lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí ó ti í dì bí ọ̀bẹ bá bù wá lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì yìí ni yóò wá dí ọ̀nà pátápátá. Apá ọkàn tí iṣan náà ń bọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í kú tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, bí a bá sì fi jáfara di wákàtí 6, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ. Ẹran ọkàn tí ó bá ti kú kì í hù padà.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ o. Èyí kì í ṣe rọpárọsẹ̀, nítorí inú ọpọlọ ni ti rọpárọsẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ọkàn dá dúró lójijì. Ẹni tí ìkọlù ọkàn mú lè máa sọ̀rọ̀, kí ó máa rìn, kí ó tilẹ̀ máa ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà nínú wákàtí wọ̀nyí ni ọkàn tí ń jìyà lè sọ ìlù rẹ̀ nù, kí ó sì dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé ó kú lójijì, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀: ó ti ń ké sí wa láti òwúrọ̀.

BÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ ṢE WÁ MỌ̀ Ọ́N

Kí ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni a ń fi ọ̀rọ̀ ọkàn pe ọ̀rọ̀ inú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Eisenhower, wà ní ìsinmi ní ìlú Denver. Ó jẹ ẹran tí a fi àlùbọ́sà sí, ó gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, àyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ó ní àlùbọ́sà ni. Ní òru, ìrora náà gbé e dìde. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé e dé ilé-ìwòsàn, ibẹ̀ ni ó sì wà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7. Orí yọ ọ́, wọ́n tún dìbò yàn án ní ọdún 1956. Bí Ààrẹ tí dókítà ń tẹ̀ lé káàkiri bá lè fi ọkàn pe inú, kí ni a ó wí nípa tíṣà Ibido?

Ní ayé ìgbà náà, kò sí ohun púpọ̀ tí àwọn dókítà lè ṣe. Láti ọdún 1912 ni dókítà kan ní Chicago, James Herrick, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú iṣan ọkàn ni ó ń fa àìsàn yìí, àti pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá mú ni ó ń kú. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ kò ju pé kí aláìsàn sùn sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí a máa gbàdúrà.

Lẹ́yìn náà ni ìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Ní ọdún 1960, àwọn kan ní Baltimore fi hàn pé bí ọkàn bá dá dúró, a lè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà léraléra kí ẹ̀jẹ̀ má dá iṣẹ́ sílẹ̀, láìla àyà rárá. Ní ọdún 1966, ní Belfast, Dókítà Frank Pantridge gbé ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná tún ìlù ọkàn ṣe sínú ọkọ̀, ó ní bí aláìsàn kò bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí dókítà lọ bá aláìsàn.

Ti iṣan tí ó dí ńkọ́? Ní ọdún 1929, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan ní Jámánì, Werner Forssmann, ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan apá ara rẹ̀ títí ó fi dé inú ọkàn rẹ̀, ó sì rìn lọ ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ní ọdún 1956, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ọ̀nà tí ó là yìí ni àwọn ẹlòmíràn gbà. Ní ọdún 1967, René Favaloro, ọmọ Argentina tí ń ṣiṣẹ́ ní Cleveland, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iṣan láti ẹsẹ̀ láti fi ṣe ọ̀nà àbùjá fún ẹ̀jẹ̀ ọkàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, ní Zurich, Andreas Grüntzig ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí bàlúùnù kékeré wà lórí rẹ̀ wọ iṣan ọkàn, ó fẹ́ bàlúùnù náà níbi tí ọ̀nà ti fún, ọ̀nà sì là. Lóde òní, wọ́n a máa fi àgò onírin wínníwínní tí wọ́n ń pè ní stent síbẹ̀ kí ọ̀nà má baà tún pa dé.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù kò la ti ọ̀bẹ lọ. Ní ọdún 1988, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ń pè ní ISIS-2. Aláìsàn 17,187 ni ó wà nínú rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn 417. Wọ́n fún àwọn kan ní ásípírìn, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, èyí tí ń jẹ́ streptokinase, wọ́n fún àwọn kan ní méjèèjì, wọn kò sì fún àwọn kan ní ọ̀kankan. Láàárín ọ̀sẹ̀ 5, nínú 100 àwọn tí kò rí ọ̀kankan gbà, bí 13 ni àrùn ọkàn àti iṣan pa. Nínú 100 àwọn tí ó gba méjèèjì, 8 ni. Ásípírìn nìkan, oògùn tí gbogbo wa mọ̀ sí oògùn ẹ̀fọ́rí, dín ikú náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Mo ronú kan ásípírìn tí ó wà nínú àpótí oògùn ilé-ìwé wa, tí ó jìnnà sí àga gbọọrọ mi ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú méjì, mo sì sunkún.

NÍ ILẸ̀ WA ŃKỌ́?

Àwọn kan yóò wí pé àìsàn òyìnbó ni. Wọn kò jayò pa. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn dókítà UCH ní Ìbàdàn kọ ọ́ pé ìkọlù ọkàn irú èyí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń bá jà, òun náà sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkugbé, ọmọ Oǹdó, tí ó kú ní ọdún 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lé lórí ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn aláwọ̀ dúdú láti ilẹ̀ wa dé Amẹ́ríkà, àwọn ará Ìgbò-Ọrà sì wà nínú wọn. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí 16 nínú 100 ni ó ní in. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, baba ńlá kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí a ti ń jẹun, bí a ti sanra tó, àti bí a ti ń fi ẹsẹ̀ rìn tó. Àwa náà sì ti ń jẹ bí wọ́n ti ń jẹ, tí a sì ń gun ọ̀kadà lọ sí ibi tí àwọn baba wa ń fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Ìwádìí mìíràn tí ń jẹ́ INTERHEART, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 láti orílẹ̀-èdè 52, fi hàn pé ohun mẹ́sàn-án ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìkọlù ọkàn, ibi yòówù kí ènìyàn ti wá. Àwọn ni: sìgá, ọ̀rá búburú nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn títóbi, ìrònú òun ìdààmú, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́, àìṣe eré ìdárayá, àti ọ̀ràn ọtí. Mo ka ìwé náà lọ, mo kà á bọ̀, n kò rí àjẹ́ níbẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, a kò ṣófo pátápátá. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ọkàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Enugu. Ní Rẹ́mọ wa níhìn-ín, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù láti ọdún 1986. Ní Ìlíṣàn, ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Babcock, láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, tí wọ́n sì ń fi bàlúùnù la iṣan. Owó rẹ̀ kò kéré, n kò ní tan yín jẹ. Ṣùgbọ́n ásípírìn kì í ṣe oògùn olówó, títètè gbéra kò sì gba kọ́bọ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹ gé apá yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Bí ìrora tàbí ìnira bá mú àgbàlagbà ní àárín àyà, tí ó dà bí ẹrù wúwo tàbí bí ohun tí ń fún ni, tí ó bá ju ìṣẹ́jú bíi 10 lọ, pàápàá bí ó bá ń lọ sí apá, èjìká, ọrùn tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù sì bo aláìsàn, tí èébì ń gbé e, tí kò lè mí dáadáa, ẹ má ṣe bi í léèrè ohun tí ó jẹ lánàá. Ẹ gbé e. Àwọn obìnrin, àwọn arúgbó àti àwọn alátọ̀gbẹ lè má ní ìrora púpọ̀. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ òjijì, èémí tí kò délẹ̀, tàbí inú tí ń rú nìkan.

Ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ó fẹ̀yìn ti nǹkan. Kí ó má rìn, kí ó má gun ọ̀kadà, kí ó má sì fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀. Ẹ wá ọkọ̀ tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ilé-ìwòsàn ńlá láago kí ẹ tó dé. Bí kò bá jẹ́ ẹni tí ásípírìn lòdì sí lára, tí kì í ṣe ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí apá tàbí ẹnu rẹ̀ kò sì rọ bíi ti rọpárọsẹ̀, kí ó rún ásípírìn 300 mílígíráàmù lẹ́nu, kí ó sì gbé e mì. Kí ó rún un ni o, nítorí ó ń yá ju kí a gbé e mì lódidi. Kò sí kánún, kò sí àgbo, kò sí epo pupa.

Bí ó bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí bí ó ti yẹ, ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sórí ilẹ̀ líle. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì lé e, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó íǹṣì méjì, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láìdúró, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó bá rẹ ẹnì kan, kí ẹlòmíràn gbà á. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ó yẹ kí a kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní èyí gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò.

Dókítà ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn ilé-ìwòsàn kéékèèké. Ó ní kí wọ́n ya ìlù ọkàn aláìsàn lórí ẹ̀rọ ECG láàárín ìṣẹ́jú 10 tí ó bá wọlé, kí wọ́n sì tún un yà bí ti àkọ́kọ́ bá dára tí ìrora kò sì lọ. Bí ECG bá fi hàn pé iṣan ti dí pátápátá, tí aláìsàn kò sì lè dé ibi tí bàlúùnù wà láàárín ìṣẹ́jú 120, kí wọ́n fún un ní oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kíákíá, bí kò bá tíì kọjá wákàtí 12 tí ìrora bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i dájú pé kò sí ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi lè ya sí i lọ́pọlọ tàbí níbòmíràn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn ńlá síbẹ̀síbẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń fi fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti tó 90 nínú 100. Ó sì ní kí wọ́n yé gún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ìdí, nítorí oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ojú abẹ́rẹ́ náà máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú ẹran. Oògùn apàrora irú diclofenac pàápàá kò bá ọkàn tí ń jìyà rẹ́. Ìgbà tí ó sọ èyí ni mo rántí abẹ́rẹ́ agogo mẹ́wàá.

KÍ Ó MÁ BAÀ ṢẸLẸ̀ RÁRÁ

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi fi àpò oògùn kan hàn mí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tí wọ́n fún un ní ọdún tí ó kọjá. Ó lò ó fún oṣù méjì, ara rẹ̀ yá, ó sì jù ú sílẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ara tí ó yá kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó bá ti lé ní ọdún 40, kí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ó bá ti ń tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra, kí ó gbọ́ ti dókítà, kí ó má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ pa sìgá tì, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ìdajì wákàtí lójúmọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Mo ní láti padà sí ọ̀dọ̀ Màmá kí n tó dákẹ́. Ní àárọ̀ Sunday tí ó kọjá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú àtẹ obì wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀, èmi ni n kò mọ̀." Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, dìde. Bí ó ti ṣe bàbá rẹ̀ ni ó ṣe é. Òógùn yẹn náà ni, àyà yẹn náà ni. Ojú mi ni ó ṣe, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi mọ̀." Ẹ gbọ́ bí! Ọkọ wọn ni ó kọ́kọ́ pa. Àìsàn ọkàn a sì máa rìn nínú ìdílé, dókítà ọ̀rẹ́ mi jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rí tí a fi ń pè wọ́n ní àjẹ́, ẹ̀rí opó ni.

Àwọn àgbà agbo ilé náà yóò jókòó ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, wọn kò tíì dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá gbà, ohun tí mo kọ síhìn-ín ni n ó kà fún wọn. Bí wọn kò bá gbà, ó ti wà nínú ìwé ìròyìn, ẹni tí ó bá mọ̀wé nínú wọn yóò bá wọn kà á. Ní tèmi, àwọn ọmọ mi ti padà sí ìdí àtẹ Màmá. Mo sì ti mú àwọn ọmọ olóògbé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ìyá wọn, lọ sí ilé-ìwòsàn láti bèèrè irú àyẹ̀wò tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣe bí wọ́n bá ti ń dàgbà.

Ọ̀rẹ́ mi, sùn un re o. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kì í kàwé ní ilé ni a ó wá sọ nígbà náà, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí.